Ilẹ̀ Onígi Tó Gùn: Àwọn Àṣìṣe Tó Yẹ Kí Ẹ Sá Fún

Ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi igi àlẹ̀pọ̀, ìyẹn pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ṣe kì í sábà wó. Gbígbọ̀n ló máa ń gbọ̀n. Ọmọdé á sáré kọjá ní pálọ̀, ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa dún, ẹni tó ń jẹun á gbójú sókè. Onílé ò ní bi yín nígbà náà pé ẹrù mélòó ni ilẹ̀ lè gbé.

Àṣìṣe ńlá nìyí: kí ẹnjiníà kàn rí i pé bíìmù, igi ìdábùú tó gbé ilẹ̀, ò ní ṣẹ́, kó sì fọwọ́ síwèé. Ẹ má mú bíìmù tó ṣe dáadáa láàárín ògiri méjì tó fi mítà 5 jìnnà síra, kí ẹ wá nà án dé mítà 10. Bí ẹrù orí mítà kọ̀ọ̀kan ò bá yí padà, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po 16, iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan á sì já sí ìdámẹ́rin. Eurocode 5, ìlànà ìfigi-kọ́lé ní Yúróòpù, ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò àkànṣe fún ilẹ̀ ilé gbígbé tí mímì rẹ̀ kò bá tó 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ wa ń kan ilẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì láàárín àkókò yẹn. Ilẹ̀ tó ń mì lọ́ra tètè máa ń bá a jó.

Èyí tó ń bí mi nínú jù: wọ́n á ṣírò ilẹ̀ bíi pé orí ògiri ló wà, bẹ́ẹ̀ orí bíìmù mìíràn ni wọ́n gbé e lé. Bíìmù yẹn náà ń tẹ̀. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì á yege lórí ìwé. Ẹ ṣírò wọn pọ̀, kí ẹ tó rí òótọ́.

Ẹ má jẹ́ kí púlọ́ńbà gé abẹ́ bíìmù láàárín gbùngbùn nítorí páìpù. Ibẹ̀ ni ẹrù ti ń fa igi jù.

Ẹ má sì fi títẹ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣe òpin. Bí ẹrù tí kì í kúrò bá tẹ igi àlẹ̀pọ̀ ní mìlímítà 10, Eurocode 5 ní kí ẹ retí 16 nínú ilé gbígbẹ, 30 níbi tí òjò ti ń pa á.

Fífúyẹ́ igi náà ní wàhálà tiẹ̀. Mjøstårnet, ilé gogoro onígi ní Brumunddal, Nọ́wè, tí wọ́n parí ní 2019, ga ní mítà 85.4, síbẹ̀ kọnkéré ni ilẹ̀ àwọn àjà òkè rẹ̀, kí ìwúwo lè dín fífì nínú afẹ́fẹ́ kù. Nínú ilé kékeré, kọnkéré tín-ín-rín lórí igi máa ń mú ilẹ̀ le, bí sìkúrù bá so méjèèjì pọ̀ dáadáa. Èyí tó kàn jókòó sórí igi láìsí ìsopọ̀, ẹrù ló pọ̀ jù nínú ohun tó fi kún un.