Ẹ fa ìlà sáàrin bébà kẹ́ẹ tó gbàdúrà

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), pàápàá ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń gbé nítòsí ọ̀sà, tí ìrònú omíyalé bá ń dà yín láàmú, ẹ mú bébà kan, ẹ fa ìlà sáàrin ẹ̀, apá kan fún ohun tọ́wọ́ yín lè ṣe kílẹ̀ ọ̀la tó ṣú, apá kejì fún ohun tó wà lọ́wọ́ Ọlọ́run nìkan. Gọ́tà tó dí, ìwé ìbí àwọn ọmọ tẹ́ẹ máa dì sínú ọ̀rá kẹ́ẹ so ó sókè, gàrí, oògùn ìyá àgbà, ilé ẹni tẹ́ẹ lè sùn tí nǹkan bá le, apá kìíní ni gbogbo ẹ̀. Bí odò Wémè ṣe máa kún tó ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, apá kejì nìyẹn. Ẹ ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ máa fagi lé e, ẹ fi ti ìkejì gbàdúrà kẹ́ẹ sì sùn, ẹ má tún dìde lóru lọ máa kà á o! Orí máa ń tún ọ̀rọ̀ kan náà rò kó má bàa gbàgbé ni, tẹ́ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ara á balẹ̀. Ìmúra kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rárá, Jósẹ́fù (Yúsúfù làwọn ará wa Mùsùlùmí ń pè é) mọ Ọlọ́run dáadáa, síbẹ̀ ọdún 7 ló fi kó ọkà pamọ́ ní Íjíbítì kí ìyàn tó dé. Àmọ́ tómi bá ti ń wọlé, ọ̀rọ̀ bébà kọ́ o, ẹ gbé àwọn ọmọ jáde kíá, kẹ́ẹ pe àwọn pọ́ńpíyé (panápaná) lórí 118.