Bẹ́ ẹ ṣe máa dá àrọ̀ haiburíìdì mọ̀ nínú odò wa l'Ékìtì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ju ìwọ̀ létí dáàmù Èrò n'Íkùn, àti àwa tá a ń sin ẹja, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o. Àrọ̀ tẹ́ ẹ fà jáde yẹn lè má jẹ́ àrọ̀ odò wa gangan. Àwọn tó ń ṣe ọmọ ẹja fún títà máa ń gba ẹyin lára abo Clarias, ìyẹn àrọ̀ tá a mọ̀ jù, wọ́n á da àtọ̀ akọ Heterobranchus, irú àrọ̀ míì, sí i, torí ọmọ tí wọ́n bá bí máa ń tètè tóbi, ọmọ àdàlù yìí ni haiburíìdì, òun ni wọ́n ń pè ní Heteroclarias. Tí òjò bá wá rọ̀ tí pọ́ǹdù kún àkúnya, inú odò ni ẹja náà ń lọ.

Mi ò kì í wo àwọ̀ rárá, torí omi tí àrọ̀ bá ń gbé máa ń yí àwọ̀ ẹ̀ padà. Ẹ má ka irùngbọ̀n náà, mẹ́jọ mẹ́jọ ni gbogbo wọn ní. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹ rẹ ọwọ́ yín sómi, ẹ tẹ́ àpò tútù sílẹ̀, kẹ́ ẹ di ẹja yẹn mú lẹ́yìn orí, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí o, ó máa ń ya èèyàn lọ́wọ́ gan-an. Ẹ wá fi ìka tọ ẹ̀yìn ẹ̀ láti orí lọ sí ìrù. Nínú lẹbẹ àkọ́kọ́, ìka yín á máa kan eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irin inú agbòjò. Tó bá jẹ́ Clarias, lẹbẹ yìí á gùn títí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìrù, kò sì ní sí nǹkan kan lórí àlàfo kékeré tó kù. Ti Heterobranchus á tètè parí, lẹbẹ kejì á wá tẹ̀ lé e, èyí ò ní irú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ọ̀rá ni, ó rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí èèyàn, ó sì gùn dáadáa. Haiburíìdì wà láàárín àwọn méjèèjì: lẹbẹ eléegun ẹ̀ gùn ju ti Heterobranchus lọ àmọ́ kò dé ibi tí ti Clarias dé, lẹbẹ ọ̀rá kékeré á sì wà lẹ́yìn ẹ̀. Nígbà míì ó máa ń kéré débi tẹ́ ẹ máa rò pé awọ ló ká jọ, ẹ gbé e kọjú sí oòrùn, ẹ máa rí i pé kò sí irú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nínú ẹ̀.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Ẹni tó ta ọmọ ẹja fún mi ní Clarias pọ́ńbélé ni, mo wá ya abo mẹ́fà sọ́tọ̀, mo fún wọn lóúnjẹ fún oṣù mẹ́sàn-án torí kí n lè gba ẹyin lára wọn. Ọjọ́ tí mo gbé ọ̀kan sínú báàfù funfun ni mo rí lẹbẹ ọ̀rá, kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ má yẹ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ wò ṣá, lẹbẹ wọn ṣì so pọ̀ nígbà yẹn, ẹ jẹ́ kó gùn tó ìka. Tí haiburíìdì bá sì ti bá Clarias gùn, ọmọ wọn lè jọ Clarias débi pé ojú lásán ò ní lè yà á, àyẹ̀wò jíìnì nìkan ló lè sọ ọ́.

Haiburíìdì tẹ́ ẹ bá mú lódò, ẹ má dá a padà, ẹ fi se ọbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní pọ́ǹdù, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì olójú wẹ́wẹ́ dí ẹnu páìpù tómi ń gbà jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.