Bí Mo Ṣe Yan Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Mo Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Igi

Kí n tó béèrè iye owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kọ́kọ́ pinnu irú iṣẹ́ igi tí mo fẹ́ ṣe. Ohun tí ẹni tó ń kan òrùlé nílò kọ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣe àga àti kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà darí ẹ̀rọ tó ń gé pákó sì tún wà lọ́tọ̀. Àga àti tábìlì ló wà lọ́kàn tèmi. Ìpinnu yẹn nìkan pa ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ́ nínú ìwé mi.

Mo gba ètò ẹ̀kọ́ àwọn tó kù. Mi ò wo àwòrán inú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń dán. Wákàtí ni mo ń wá: mélòó ni èèyàn máa fi dúró nídìí iṣẹ́, mélòó ló máa fi jókòó ní kíláàsì? Mo pe àwọn tí kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ibì kan kàn ń fọ̀rọ̀ yí mi ká ni, ni mo bá fi wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ti gbálẹ̀ de àlejò. Eruku ni mo kọ́kọ́ wò. Eruku igi kì í ṣe ohun eré o: láti 1995 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ibi tí ẹ̀rọ wọn kò ti ní ohun tó ń fa eruku kúrò, tí àwọn ọmọ ń rẹ́ pákó láìbo imú, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn ayùn orí tábìlì. Ó yẹ kí irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí pákó tí wọ́n ń là padé há ayùn mọ́, torí bó bá há, ayùn lè ta á padà lu ẹni tó ń là á. Níbì kan, wọ́n ti yọ ọ́ sórí pẹpẹ. Olùkọ́ ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́. Mo kí i pé ó dàbọ̀.

Àmọ́ ìdí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti pẹ́ jù. Mo máa ń fa dúrọ́ọ̀ jáde, kí n yẹ igun rẹ̀ wò. Bí eyín igi méjèèjì bá wọnú ara wọn pẹ́kípẹ́kí, tí kò sí àlàfo tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti lẹ́búlẹ́bú igi dí, á jẹ́ pé wọ́n ń kọ́ wọn lóòótọ́. Ìṣó lásán kò burú, ṣùgbọ́n mi ò ní sanwó torí kí n lè mọ ìṣó kàn.

Tábìlì ló wá yanjú ọ̀rọ̀. Igi máa ń wú, ó sì máa ń súnkì, ní ìbú ju òòró lọ fíìfíì. Mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì ọmọ kan, mo rí i pé ihò tí ìṣó síkúrù gbà mú orí rẹ̀ gùn gbọọrọ dípò kó rí roboto. Mo bi í pé kí ló dé.

"Kí igi lè ráyè sún ni, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá dè é pa, á là."

Kò wojú olùkọ́ rẹ̀ kó tó dáhùn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi ayùn ọwọ́, ìfági àti ṣísẹ́lì bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Ó ku owó. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tí mo tún fẹ́ràn dín owó ju tiwọn lọ, àfi ìgbà tí mo ṣírò pákó, irinṣẹ́ àti gíláàsì ìdáàbòbò ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fúnra rẹ̀ rà níbẹ̀. Ó wá wọ́n ju eléyìí lọ. Mo bẹ̀ wọ́n kí n máa san án díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbà.