Setup wa ò ṣí, setup wa ò gba orúkọ: ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó pè mí

Àwa tá a jọ ń kọ sọ́fítíwià ìwé-ọjà ọ̀fẹ́ yìí, tí kóòdù ẹ̀ wà níta gbangba fún ẹnikẹ́ni, a fi setup tí èèyàn lè fi máòsì tẹ̀ kún un kí àwọn ọlọ́jà má baà máa bá terminal (ojú ibi tí èèyàn ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà) jìjàkadì. Látìgbà náà, ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi mí láti Tanke títí dé Òmù-Àrán, ó sì ti sú mi.

Ìbéèrè: Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí Ubuntu (irú Linux kan), kóòdù ló ṣí sójú mi.
Ìdáhùn: Ẹ ṣí terminal nínú fóldà yẹn, kẹ́ ẹ tẹ python3 setup-gui.py. Ó parí.

Ìbéèrè: Ó ní "No module named tkinter".
Ìdáhùn: Ubuntu àti Debian ya tkinter, ohun tó ń gbé fèrèsé setup jáde, sọ́tọ̀ kúrò lára Python, èdè tá a fi kọ ọ́. Ẹ tẹ sudo apt install python3-tk sínú terminal. Ó wà nínú README, ìwé àlàyé tó bá a wá, ẹ máa kà á.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi sudo ṣí i?
Ìdáhùn: Rárá o! Sudo ń fi agbára root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi sudo ṣí i, root ló máa ni fáìlì tó bá kọ sínú fóldà yẹn, tó bá wá di ọ̀la tẹ́ ẹ ṣí i bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣí i, kò ní lè kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ mọ́, ẹ ó wá ní a ba nǹkan yín jẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe é, kó fi chown, àṣẹ tó ń pààrọ̀ ẹni tó ni fáìlì, gba fáìlì ẹ̀ padà.

Ìbéèrè: Lórí Windows, mo kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ Save, kò ṣe nǹkan kan. Mo tì í, mo tún un ṣí, gbogbo ẹ̀ ti ṣófo.
Ìdáhùn: Èyí ló fojú mi rí màbo. Ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì nítòsí Ọjà Ọba ni mo ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Wọ́n láwọn ò ní kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àwọn láìfi àmì sí i, wọn ò sì jẹ̀bi. Mo tẹ "Òfì", ó wọlé. Mo tẹ "Aṣọ Òfì", ó kọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ sì tún pòórá! Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún un gbé sórí ẹ̀, mo pààrọ̀ Python, ibi tí mo bá a náà ló wà, bẹ́ẹ̀ lórí Linux tèmi kò sóhun tó ṣe é. Àfìgbà tí mo ṣí i láti inú cmd (terminal ti Windows), torí tẹ́ ẹ bá fi máòsì ṣí i ńṣe ló ń gbé àṣìṣe mì, ni mo rí "'charmap' codec can't encode character '\u1e63'". Lẹ́tà "ṣ" nìyẹn. cp1252, ètò lẹ́tà àtijọ́ kan, ni Windows wọn fi ń kọ fáìlì, ìyẹn sì mọ ò, ó mọ ì, ó mọ é, ṣùgbọ́n kò mọ ẹ, ọ, ṣ rárá. Ohun tó wá ń pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni pé "w" ni kóòdù yẹn fi ń ṣí fáìlì, "w" sì máa ń kọ́kọ́ nu gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe: nínú kóòdù, ẹ fi encoding="utf-8", ètò tó mọ gbogbo lẹ́tà wa, sí gbogbo open() tó ń ṣí fáìlì, ti kíkọ àti ti kíkà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì mìíràn ná, kẹ́ ẹ tó fi os.replace gbé e sípò. Tó bá wọlé tán, tẹ́ ẹ wá ń wá "Ọ̀fà" tí kò rí i, ó lè jẹ́ pé bí fóònù ṣe to àmì ọ̀ yàtọ̀ sí ti láptọ́ọ̀pù, bó tiẹ̀ jọra lójú. unicodedata.normalize("NFC", orúkọ) ló máa sọ wọ́n di ọ̀kan.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi irú setup yìí kún iṣẹ́ tèmi náà.
Ìdáhùn: Fáìlì kan náà tí terminal ń kà ni kó máa kọ, kó má ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú kernel Linux, ọkàn Linux fúnra ẹ̀, nìyẹn: make menuconfig (inú terminal), make xconfig (fèrèsé olómáòsì), fáìlì .config kan náà ni méjèèjì ń kọ, bí ọ̀kan ò bá ṣí, èèyàn á lo èkejì. Kẹ́ ẹ sì fi orúkọ tó ní ẹ, ọ, ṣ dán an wò lórí Windows kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ jọ̀ọ́, ọlọ́jà ò gbọdọ̀ bọ́ àmì orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ torí kọ̀ǹpútà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n gbé e lọ fáwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe?
Ìdáhùn: Ẹni tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹnu ẹ̀ bá ti jẹ́ "ẹ jẹ́ ká format ẹ̀", ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín padà lọ́wọ́ ẹ̀. Format ò lè tún èyí ṣe, ó kàn máa kó ìyókù ìwé ọjà yín lọ ni. Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo fóldà náà sórí flash, ẹ má tún tẹ Save mọ́, kẹ́ ẹ wá ẹni tó lè ka Python.