Ìgbà tí ó yẹ kí a lo compressor fún ohùn akọrin àti fún gángan

Iṣẹ́ compressor ni láti máa fa ohùn tí ó bá ròkè jù wálẹ̀, kí àlàfo tí ó wà láàárín ìgbà tí akọrin kígbe àti ìgbà tí ó rọra kọrin má baà pọ̀ jù. Bí àlàfo náà bá ti dínkù, a lè gbé gbogbo ohùn náà sókè, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ hàn tẹ́lẹ̀ yóò sì wá dé etí olùgbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣe orin ní èdè Yorùbá gidigidi. Bí ìlù àti báàsì bá gbé sílébù tí ó kẹ́yìn mì lẹ́nu akọrin, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ ni ó ń kọrin nípa rẹ̀ ni, tàbí ọkọ̀?

Síbẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan compressor, ẹ kọ́kọ́ fi fader nìkan (bọ́tìnnì tí a ń sún sókè sódò láti fi kún ohùn tàbí láti dín in kù) to orin náà. Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì ṣàkọsílẹ̀ ibi tí ohùn ti sọnù àti ibi tí ó ti pariwo jù. Bí ó bá jẹ́ ibi méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹ fi ọwọ́ tún un ṣe níbẹ̀, ó tán. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé ìlà kọ̀ọ̀kan ni ẹ ní láti máa sún fader sókè sódò ni compressor tó di dandan.

Fún ohùn akọrin, ẹ lọ sí ibi tí ó ti kígbe jù, kí ẹ sì jẹ́ kí ibẹ̀ máa yí lọ yí bọ̀. Ẹ gbé ratio (bí a ṣe ń dín ohun tí ó kọjá ààlà kù tó) sí 3:1 tàbí 4:1, attack (àkókò tí compressor fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn wálẹ̀) sí nǹkan bí 10 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ms kan), release (àkókò tí ó fi ń tú ohùn sílẹ̀ padà) sí nǹkan bí 80 ms, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá máa rọra fa threshold wálẹ̀. Threshold ni ààlà. Ohùn tí kò bá dé ibẹ̀, compressor kò ní fọwọ́ kàn án. Bí a bá gbé e sí −18 dB (decibel, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe ròkè tó), tí akọrin sì kígbe dé −10 dB, ó ti fi 8 dB kọjá ààlà. Ratio 4:1 yóò sọ 8 yẹn di 2, ohùn náà yóò jáde ní −16 dB, mítà yóò sì fi hàn pé 6 dB ni a fà wálẹ̀. Mo ka 6 dB sí òpin fún ohùn, mítà náà sì gbọ́dọ̀ padà sí òdo nígbà tí akọrin bá ń mí. Ẹ wá fi make-up gain dá ohun tí ó lọ padà, títí tí ohùn náà yóò fi dọ́gba yálà compressor wà ní títàn tàbí ní pípa, nítorí ohun tí ó bá ròkè díẹ̀ máa ń dùn létí wa ju èyí tí ó rẹlẹ̀ lọ, ó sì lè tàn wá jẹ. Ẹ fetí sí ẹ̀yìn ohùn náà pẹ̀lú: èémí, fáànù àti jẹnẹrétọ̀ tí máìkì gbà sílẹ̀ yóò gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

Gángan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Nígbà tí kọ̀ǹgọ́ bá kan awọ, ìró kan máa ń ta jáde kíá, kí onílù tó fún ọsán láti fa ohùn náà sókè tàbí kí ó tú u sílẹ̀. Mo ti fi attack 1 ms sí gángan tí ń ki oríki rí, mo sì gbé release sí 600 ms. Onílù náà gbọ́ ọ, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ìlù òun sọ níbẹ̀, n kò sì rí ohun kan dá a lóhùn. Attack tí ó yá jù ti gba ojú kọ̀ǹgọ́. Release tí ó pẹ́ jù kò tíì tú ìlù sílẹ̀ lẹ́yìn ohùn òkè kan tí ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e fi dé, ó sì tẹ ìyẹn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú. Láti ìgbà náà, attack 25 sí 30 ms ni mo ń lò fún un, release kò sì ju 100 ms lọ, kí mítà lè bọ́ kí kọ̀ǹgọ́ tó tún balẹ̀. 3 dB ti tó. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù, ẹ jẹ́ kí ó sọ ohun tí ó gbọ́ fún yín, kí ẹ tó tan compressor àti lẹ́yìn tí ẹ bá tàn án.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kì í sábà nílò rẹ̀.

Fún gbogbo orin lápapọ̀, ratio 2:1 tí ó ń fa 1 sí 2 dB péré, pẹ̀lú attack 30 ms, ni ó bójú mu. Ẹ má ṣe tẹ orin pa nítorí kí ó lè pariwo ju ti ẹlòmíràn lọ: −14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń pariwo tó lápapọ̀) ni Spotify ń gbé orin sí fún olùgbọ́, èyí tí ó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, wọn yóò fà á wálẹ̀. Ẹ gbé orin náà sórí fóònù, ẹ dín ariwo rẹ̀ kù, kí ẹ sì fetí sí sílébù tí ó parí ìlà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá gbọ́, ẹ padà sídìí ohùn akọrin fúnra rẹ̀ láti tún un ṣe, ẹ má ṣe fi compressor ti gbogbo orin wá a.