Àńtẹ́nà kan tó o fún gbogbo tẹlifíṣọ̀n inú ilé

Ẹ gbójú sókè ní Lágere níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ ó rí òrùlé kan tí òpó àńtẹ́nà mẹ́ta wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ tí gbogbo tẹlifíṣọ̀n inú ilé náà ń rọ̀jò. Ẹ̀yin ará, owó ṣòfò nìyẹn. Ẹyọ kan tó ga dáadáa ti tó. Òṣogbo wà ní apá àríwá wa. Ẹni tó bá ń wá OSBC, tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀pá kéékèèké wà lára àńtẹ́nà ni kó kọjú síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ́ wáyà méjì pọ̀ kí ẹ fi téèpù dì í. Àwòrán á máa ní òjìji, tàbí kó máa dúró gbagidi bó bá jẹ́ dikódà. Splitter, ìyẹn ohun kékeré tó ń pín ohun tí àńtẹ́nà gbé wá sí wáyà púpọ̀, ni kí ẹ rà, pẹ̀lú wáyà coaxial 75 ohm, RG-6 ló dáa jù. Ẹ ka tẹlifíṣọ̀n yín kí ẹ tó lọ sọ́jà o: splitter ẹlẹ́nu méjì kì í fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdajì, ẹlẹ́nu mẹ́rin kì í fún wọn tó ìdámẹ́rin. Tẹlifíṣọ̀n méjì kò nílò ẹlẹ́nu mẹ́rin rárá.

Ẹnu wáyà ni mo máa ń fara balẹ̀ sí jù. Mo máa ń fi abẹ rẹ́ rọ́bà òde, màá ká irun wáyà sẹ́yìn, kí n tó wá bó ti inú títí bàbà àárín á fi yọ díẹ̀. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò. Irun kan ṣoṣo tó bá kan bàbà yẹn ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Bí ẹ bá máa lo booster (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohun tí àńtẹ́nà gbé wá), ìdí àńtẹ́nà lókè ni kó wà, kí wáyà tó dé ọ̀dọ̀ splitter. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán tó ti rẹ̀ ló máa gbé ga, tòun tariwo rẹ̀. Inú wáyà kan náà ni iná rẹ̀ ń gbà gòkè, torí náà àpótí kékeré tó ń fún un níná gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti splitter. Splitter púpọ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń ju booster tó ṣì dáa nù nítorí èyí nìkan.

Kí ẹ tó pín in, ẹ kọ́kọ́ fi tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo dán an wò. Bí ìyẹn ò bá mọ́lẹ̀, orí òrùlé ni iṣẹ́ wà. Kí ààrá sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í kù, ẹ yọ wáyà lẹ́yìn gbogbo wọn, torí àńtẹ́nà kan náà ló so wọ́n pọ̀.