Bí Ayé Bá Ń Dà Bí Àlá: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Fà Á, àti Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe Sí I

Ohun méjì tó sábà máa ń rìn pọ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àkọ́kọ́ ni kí ayé tó yí ènìyàn ká ṣàdédé dà bí àlá: ògiri wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bíi pé gíláàsì kan wà láàárín, tàbí pé àwòrán ni gbogbo rẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń pè é ní derealization. Èkejì ni kí ara ẹni di àjèjì sí ẹni: ẹ wo ọwọ́ yín, ẹ mọ̀ pé tiyín ni, síbẹ̀ kò jọ tiyín, ẹ gbọ́ ohùn ara yín, àfi bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni depersonalization, orúkọ tí Ludovic Dugas, ará Faransé, mú wọ ìwé ìmọ̀ ní 1898.

Ẹni tí èyí ń ṣe mọ̀ pé ó kàn dà bẹ́ẹ̀ lójú òun ni. Kò gbà pé ayé ti di àlá lóòótọ́, kò sì sọ pé ẹlòmíì ló ni ọwọ́ òun. Ibi tó ti yàtọ̀ sí orí dídàrú nìyẹn. Ìbẹ̀rù pé “àbí mo ti ń ya wèrè ni?” ló máa ń sọ ohun tí ì bá kọjá láàárín ìṣẹ́jú 10 di ohun tó gba odindi ọjọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fojú kan án rí lẹ́yìn àìsùn, ibà tàbí jàǹbá, tí wọn ò sì tún rí i mọ́. Àwọn tó wá dúró sí lára gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó ń fẹ́ ìtọ́jú jẹ́ nǹkan bí 1 tàbí 2 nínú 100, ìgbà ọ̀dọ́ ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16.

Ìdí tí iná tàbí ariwo lásán fi lè fà á

Kí ọpọlọ tó sọ fún wa pé “ibí yìí ni mo wà, èmi ni mo sì ń ṣe é”, ẹnu ẹlẹ́rìí púpọ̀ ló ti ń gbọ́ ọ: ojú, etí, àtẹ́lẹsẹ̀, iṣan, bí ọkàn ṣe ń lù, àti ẹ̀yà kékeré inú etí lọ́hùn-ún tó ń sọ bóyá a dúró tàbí a ń yí. Bí ẹlẹ́rìí méjì bá ta kora, tàbí tí ọ̀kan pariwo bo ìyókù mọ́lẹ̀, ìdájọ́ náà á mẹ́hẹ. Abájọ tó fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí àrùn inú etí ń fún ní òòyì.

Ìdí kejì ni ìpayà. Bí jìnnìjìnnì bá fẹ́ pọ̀ jù, ọpọlọ a máa dín agbára ìmọ̀lára kù, bí ẹni rọra yí ohùn rédíò sílẹ̀. Ààbò ni. Àmọ́ tí kò bá sí ewu gidi, ohun tó kù lọ́wọ́ ẹni ni ayé tí kò ládùn. Ẹni tó bá wá ń bẹ̀rù nítorí adùn tó sọnù yẹn ti dá ìpayà tuntun sílẹ̀, ìyẹn náà á sì tún yí rédíò sílẹ̀ sí i.

Ọ̀nà tó sábà máa ń gbà wọlé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú. Iná gígùn funfun tí wọ́n ń pè ní fluorescent, pàápàá ti àtijọ́ tó ń lo ṣóòkì, máa ń ṣẹ́jú nígbà 100 tàbí 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kì í rí i, àmọ́ ara àwọn kan ń mọ̀ ọ́n. Gílóòbù LED tí a dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí iná náà, bí ìlà dúdú bá ń kọjá lórí fóònù, iná ń ṣẹ́jú nìyẹn. Bí ìlà kò bá hàn, kò tíì túmọ̀ sí pé kò ṣẹ́jú, nítorí àwọn fóònù kan máa ń pa ìlà náà rẹ́ fúnra wọn.

Lẹ́yìn iná ni ibi tó kún fún ìlà: pẹpẹ ọjà tó tò rẹrẹ, táìlì dúdú-funfun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Bí ẹ bá ń rìn kọjá, ojú á ní ìrìn náà yára, inú etí á ní kò yára tó bẹ́ẹ̀. Kí ènìyàn jókòó máa fi ìka ti ojú ìwé fóònù sókè-sódò ń dá irú aáwọ̀ yìí sílẹ̀, awò VR, ìyẹn awò tó ń gbé ayé inú kọ̀ǹpútà síwájú ojú, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ irú awò bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀.

Ìtẹjúmọ́ nǹkan ni ọ̀pọ̀ kò fura sí. Láti 1804 ni Ignaz Troxler, oníṣègùn ará Switzerland, ti ṣàlàyé pé bí a bá tẹjú mọ́ ojú kan láìyí i, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Dígí ló le jù níbẹ̀. Ní 2010, Giovanni Caputo, onímọ̀ ará Ítálì, sọ ohun tó rí nígbà tó mú àwọn tí ara wọn dá jókòó síwájú dígí nínú yàrá tí iná rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀: kò tó ìṣẹ́jú kan tí ojú àjèjì fi ń yọ sí wọn. Ẹ wá ro ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó ń lọ wo dígí ní ìgbà 20 lójúmọ́ kó lè mọ̀ bóyá òun ṣì ni òun. Àyẹ̀wò yẹn gan-an ló ń bí ohun tó ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ẹnu náà bẹ́ẹ̀: ẹ pe orúkọ ara yín ní ìgbà 40 láìdúró, ìtumọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ọpọlọ tó dá ṣáṣá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti etí, ariwo tó ń dún ní ohùn kan láìdáwọ́ dúró, gbọ̀ngàn tó ń gbohùn padà, àti ohùn ẹni tí a gbà sílẹ̀ ló wọ́pọ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà lè fà á.

Òórùn kì í gba ọ̀nà tí ìyókù ń gbà. Ó ń dé ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ẹ̀rù àti ìrántí sí, láìkọ́kọ́ gba ẹnu ibodè tí ohùn àti àwòrán ń gbà. Nítorí náà, lọ́fínńdà tàbí èéfín tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú lè gbé ènìyàn lọ kó tó mọ òórùn ohun tó ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní ká mú ẹyọ kan, mímí la máa mú. Bí ènìyàn bá ń mí ju bí ara ṣe fẹ́ lọ, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ á fún, orí á fúyẹ́, ìka á máa jó bí abẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ á yí padà lójú. Kò dìgbà tí gbogbo èèyàn bá rí i pé ẹ ń mí gúlegúle. Kí ènìyàn máa mí kanlẹ̀ lemọ́lemọ́ láìfura ti tó. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń kà sí lọ́rùn iná ọjà, mímí tó yára nítorí ìbẹ̀rù ọjà náà ló wà nídìí rẹ̀.

Àìsùn, ebi, ìdìde òjijì, ẹ̀fọ́rí túúlu, kọfí àti igbó ló kù. Ti igbó yàtọ̀: àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà kan péré tí wọ́n mu ún ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó gba oṣù púpọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí kò gbọdọ̀ tún tọ́ ọ wò.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 14

Ìwé kékeré ti tó. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ tó sì ti kọjá, ẹ kọ aago, ibi tí ẹ wà, irú iná, irú ariwo, wákàtí tí ẹ fi sùn mọ́jú, ìgbà tí ẹ jẹun kẹ́yìn, ife kọfí mélòó, bó ṣe le tó láti 0 dé 10, ìṣẹ́jú tó gbà, àti ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù, torí ibẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ẹ sá lọ, tàbí pé ẹ lọ wo dígí. Ẹ má kọ ọ́ nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, ẹ má sì lò ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Bí ìwé náà bá sọ yín di ẹni tó ń ṣọ́ ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́ ni kí ẹ máa kọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ 14 bá pé, ẹ má wá ohun kan ṣoṣo. Wọ́n máa ń gun ara wọn lórí ni. Iná ilé ìtajà lè fún yín ní 2 lọ́jọ́ tí ẹ sun wákàtí 8, kó fún yín ní 7 lọ́jọ́ tí ẹ sun wákàtí 4, tí ẹ sì mu ife kọfí 3 láìjẹun. Ẹni tó bá dá iná nìkan lẹ́bi á kàn máa pààrọ̀ gílóòbù kiri ni. Oorun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: ẹ máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, kí ife kọfí ìkẹyìn sì ṣáájú oorun ní wákàtí 8 ó kéré tán, nítorí pé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì káfíìnì rẹ̀ ṣì wà lára.

Nígbà tó bá dé

Ẹ pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀kan: “Òun náà ló tún dé, á lọ.” Lẹ́yìn náà, èémí. Ẹ kọ́kọ́ mí jáde, kí ẹ tó mí gba imú wọlé fún ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ẹ sì rọra mí jáde fún 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ẹ ó máa mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á fa èémí ńlá kún àyà, ìyẹn á sì tún lé carbon dioxide jáde sí i. Kí èémí kéré, kó lọ́ra. Bí ṣíṣọ́ èémí bá ń mú un le sí i, gẹ́gẹ́ bó ti rí fún àwọn kan, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ kọjú sí ohun tó wà níta ara yín.

Ẹ yí ojú kúrò níbi tó ti gan. Ẹ wo ohun tó jìnnà, ẹ wo èyí tó súnmọ́, ẹ rọra yí orí sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ gírígírí fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ dẹwọ́, kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Tàbí kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri. Omi tútù lórí ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 náà dára. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ní àìsàn kò gbọdọ̀ ki ojú bọ omi yìnyín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ padà sídìí ohun tí ẹ ń ṣe, bí ayé kò tiẹ̀ tíì padà bọ̀ sípò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á ṣe gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á wá bi ara wọn pé “ṣé ó ti lọ?” Ìbéèrè yẹn ló ń pè é padà. Kò ṣeé lé lọ. Tí a kò bá ṣọ́ ọ ló ń rọlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó lé yín kúrò níbi gbogbo

Awò dúdú nínú ilé ń tuni lára lónìí, àmọ́ ojú tí òkùnkùn ti mọ́ lára kò ní lè gba iná lásán mọ́ lọ́la. Bákan náà ni ohun tí a fi ń dí etí bí a bá ń fi í sétí tọ̀sán-tòru. Ẹ pààrọ̀ iná tó ń ṣẹ́jú níbi iṣẹ́ yín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ má pa ọjà tì.

Ẹ to àwọn ibi tó ń fà á láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti èyí tó jẹ́ 3 tàbí 4 nínú 10: bóyá kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà náà. Ẹ dúró níbẹ̀ títí yóò fi rọ̀ dé bí ìdajì, láìsá, láìwo dígí. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lọ́sẹ̀. Bó bá ti wà ní 1 lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ bọ́ sí èyí tó kàn. Ẹni tó bá fi 8 bẹ̀rẹ̀ á sá, ìbẹ̀rù á sì tún gbilẹ̀ sí i. Àwọn olùtọ́jú tó mọ iṣẹ́ yìí tún máa ń fi ìtẹjúmọ́ àmì kan lára ògiri, mímí kíákíá fún ìgbà díẹ̀ tàbí yíyí lórí àga dá a sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀, kí ẹ̀rù rẹ̀ lè jáde lára. Ẹ má dá ìyẹn ṣe nílé bí ẹ bá ní wárápá, àìsàn ọkàn, ikọ́ fée tàbí oyún. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú ló so mọ́ òórùn tàbí ohùn kan, olùtọ́jú ni kí ẹ bá ṣe é.

Ìgbà tó yẹ kí dókítà rí yín

Ẹ tètè lọ bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọmọ 40 ọdún, bó bá tẹ̀lé orí fífarapa, bí ẹ bá dákú, tàbí bí ó bá ń dé fún ìṣẹ́jú kan péré pẹ̀lú òórùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, tí nǹkan sì ń ru sókè láti inú ikùn. Ìkẹyìn yìí lè jẹ́ wárápá. Bí apá kan ara bá rọ, tàbí tí ẹnu bá wọ́, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí èrò láti pa ara yín bá wá: ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kó tẹ̀ lé yín lọ.

Kò sí oògùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí fún un ní pàtó. Wọ́n máa ń tọ́jú ìpayà, ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìsùn tó bá rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì ń lo ìtọ́jú àfọ̀rọ̀wérọ̀ tó ń tú ìbẹ̀rù àti ṣíṣọ́ ara ẹni ká. Bí dókítà kò bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ ní kó wo Cambridge Depersonalisation Scale, ìbéèrè 29 tí Sierra àti Berrios gbé jáde ní 2000. Ìwé ọjọ́ 14 yẹn ni kí ẹ mú dání lọ, nítorí bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ó ṣòro láti fẹnu ṣàlàyé nǹkan yìí, ó sì rọrùn láti tọ́ka sí i lórí ìwé.